Yàrá Ọmọ Mi àti Àwo Orin Bàbá Mi

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ àkísà àgbà tí ọmọdé fẹ́ fi rán aṣọ tuntun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Inú ilé mi ní Ilé-Ogbó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó kọ́kọ́ dójú tì mí kí ó tó dùn mọ́ mi nínú. Bí mo bá pa á mọ́ra, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù.

Olùkọ́ ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Obìnrin ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò JSS 3, mo ṣèlérí fún un pé bí ó bá yege dáadáa, yàrá tí àbúrò mi fi sílẹ̀ nígbà tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn yóò di tirẹ̀. Mo ní n ó tún fún un ní ọ̀kẹ́ méjì náírà (₦40,000) kí ó fi tún yàrá náà ṣe bí ó bá ti wù ú. Ọmọ yege, ìlérí sì di gbèsè.

Èmi rò pé ọ̀dà aláwọ̀ òdòdó àti kọ́tìnnì tuntun ni ọmọ yóò béèrè. Ṣùgbọ́n bébà ńlá kan ni ó mú wá, tí ó ti fi rúlà ya ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Ó ní, "Dádì, yàrá dísíkò ni mo fẹ́, irú èyí tó wà láyé ìgbà tí Bàbá Àgbà wà ní ọ̀dọ́." Ó ya àwọn òbìrìkítí ńlá sára ògiri, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ìyeyè. Ó ya bọ́ọ̀lù oní-dígí kan tí ó rọ̀ láti òkè àjà, ó ya iná aláràbarà, ó sì ya àwo orin ńláńlá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí fóònù ni ó ti rí i, níbi tí àwọn ọmọ Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi yàrá wọn han ara wọn.

Kí n má purọ́, inú mi kò dùn. Mo ní, "Ilé tíṣà ni èyí o, kì í ṣe ilé ọtí." Mo ń ro ohun tí àwọn òbí ọmọ tí mo ń kọ́ yóò máa sọ bí wọ́n bá kọjá lójú fèrèsé. Ìyàwó mi ni ó dá mi lóhùn láti ilé ìdáná pé, "Bàbá wọn, ẹ kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ wù yín. Bí ó bá ti wù ú ni ẹ wí." Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbè mí lẹ́yìn ni mo ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbéra, mo lọ bá bàbá mi ní agboolé wa.

Ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti fẹ̀yìntì ni bàbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, ó di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1976, ó sì di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò ní agbègbè Ìwó yìí. Ó le púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo yọ́ lọ síbi àríyá kan láìgba àṣẹ. Ẹgba méjìlá ni ó kí mi káàbọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dísíkò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọmọ náà lẹ́kun.

Mo rò tán, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. Ó ní kí n fa àpótí páànù tó wà lábẹ́ ibùsùn òun jáde. Ó tú u, ó sì yọ fọ́tò kan lé mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó dúró níbẹ̀, irun orí rẹ̀ rí roboto bí ìkòkò, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ gùn dé èjìká, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ tó fi bo bàtà, bàtà náà sì ga nílẹ̀ bí àpótí ìjókòó.

Mo ní, "Bàbá, ta nìyí?"

Ó ní, "Èmi ni. 1977 ni, ọdún Fẹ́sítáàkì. Bọ́ńgò ni à ń pe ṣòkòtò yẹn. Àwọn ìyá wa máa ń ní ó ń bá wa gbálẹ̀."

Bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ìwé yìí yóò rántí owó Udoji. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ gba ìjọba níyànjú láti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, nítorí owó epo rọ̀bì ń wọlé rẹpẹtẹ. Ní 1975, owó náà jáde, pẹ̀lú àjẹẹ́lẹ̀ oṣù bí i mélòó kan tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ di ẹni tó ń gba ₦60 lóṣù. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra fìríìjì, ọ̀pọ̀ sì ra ẹ̀rọ orin. Ọjà náà sì gbówó lórí kíá, nítorí ọlọ́jà mọ̀ pé owó ti dé ìgboro. Bàbá mi ra ṣéńjà, èyíinì ni ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin, pẹ̀lú sípíkà méjì. Láti kékeré ni mo ti ń rí ẹ̀rọ náà ní igun pálọ̀ wa, tí wọ́n fi aṣọ bò ó, tí wọ́n gbé ìkòkò òdòdó ọlọ́rọ́bà lé e lórí. N kò mọ̀ rí pé owó Udoji ni, n kò sì bèèrè.

Nígbà tí mo padà délé, mo ka ìwé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí tíṣà kì í fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ju òun lọ. Ọ̀rọ̀ dísíkò wá láti inú èdè Faransé, ibi tí wọ́n ti ń fi àwo orin jó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ni ijó náà ti gbilẹ̀ ní àárín ọdún 1970 sí 1979, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí kò sí àyè fún ní ibòmíràn. Fíìmù Saturday Night Fever tí ó jáde ní 1977 ni ó gbé e ká gbogbo ayé. Ní July 12, 1979, wọ́n kó àwo dísíkò jọ sórí pápá ìṣeré kan ní Chicago, wọ́n sì fi ohun abúgbàù fọ́ wọn, wọ́n ní dísíkò ti kú. Ṣùgbọ́n kò kú níhìn-ín. Ní 1981 ni Oby Onyioha gbé àwo tirẹ̀ jáde, Dizzy K. Falola tẹ̀ lé e, nígbà tó di 1984, Steve Monite kọ "Only You". Bọ́ọ̀lù oní-dígí náà tilẹ̀ dàgbà ju dísíkò lọ. Ní 1917 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Louis Woeste ti gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀. Ohun tí ọmọ mi pè ní tuntun, àkísà àwọn bàbá ńlá ẹlòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ bàbá mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Bí ó ti ń dá fọ́tò náà padà sínú àpótí, ó ní, "Àwo mi wà nínú àpótí pákó tí mo kó fún ọ ní ọdún tí ìyá rẹ kú. Yọ wọ́n fún ọmọ náà kí ó rí wọn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ẹyọ kan."

Òógùn bò mí. Ní 2015, ní oṣù kan tí ọwọ́ mi há gidigidi, ọkùnrin kan wá sí àdúgbò wa tí ó ń ra àwo orin àtijọ́. Mo gbé àpótí bàbá mi jáde fún un. Ó jókòó sí ìloro mi, ó ń gbé àwo sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìlà ara wọn. Méjìlélọ́gọ́ta (62) ni gbogbo wọn. Ó ṣa mọ́kàndínláàádọ́ta (49), ó fi mẹ́tàlá (13) sílẹ̀. Igba náírà ni ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ka ₦9,800 fún mi. Mo tilẹ̀ rò pé èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ. Mo ní ẹ̀rọ bàbá mi kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ni yóò tún fi àwo ṣe? N kò sọ fún un.

Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan ti ń wá àwo bẹ́ẹ̀ kiri. Ilé iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kó orin dísíkò ilẹ̀ wa jọ sínú àwo tuntun ní 2008, wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 2016. Ní 2017, Frank Ocean, olórin Amẹ́ríkà, kọ orin Steve Monite yẹn lórí ìtàgé. N kò lè sọ iye tí àwo bàbá mi ì bá pa, nítorí èmi olùkọ́ ìṣirò kò kọ orúkọ ẹyọ kan sílẹ̀ kí n tó tà wọ́n.

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Ikán ni mo fẹ́ kó o lé lórí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń wò mí, mo sì rántí ẹgba méjìlá tí mo jẹ nítorí pé mo yọ́ ṣe nǹkan. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo tà wọ́n."

Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. Ó ní, "Gbogbo wọn?"

Mo ní, "Ó ku mẹ́tàlá."

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà, o kò bi mí." Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí mo fi dìde. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹgba méjìlá ọjọ́sí kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. N kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo pe ọmọ mi àti ìyá rẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún wọn, nítorí mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ, ẹlòmíràn yóò sọ.

Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Bàbá mi ni. Kò bèèrè mi. Ọmọ mi ni ó pè, ó ní, "Ìyá mi, ìwé tí o yà dà?" Wọ́n tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, wọ́n sì gbé àwo mẹ́tàlá náà sílẹ̀. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí àwo kọ̀ọ̀kan mú, kò fi ìka kan ojú rẹ̀. Ó fi èyí kọ́ ọmọ náà kí ó tó jẹ́ kí ó gbé ẹyọ kan.

Ìgbà náà ni mo tó rí ìdí tí oníṣòwò yẹn fi kọ mẹ́tàlá náà sílẹ̀. Àwọn kan ti ní ìlà lára. Ṣùgbọ́n páálí mẹ́fà nínú wọn ni ìyá mi ti fi bírò kọ̀wé sí. Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n rà á. Lára àwo Christy Essien-Igbokwe ti 1981, èyí tí orin "Ṣeun Rere" wà nínú rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ẹ má yá ẹnikẹ́ni." Mo rántí pé ọkùnrin náà ní ìwé kíkọ ti ba páálí jẹ́, kò sì lè tà á fún oníbàárà rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí àwọn tí ọmọ wọn lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, n ó ṣàlàyé bí a ti ṣe é. Ọ̀dà funfun tí kò mọ́lẹ̀ jù ni a kọ́kọ́ fi kun ògiri. Fún àwọn òbìrìkítí, ìṣó kan àti okùn ni mo lò gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. A so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹnu okùn, a fi ìṣó sí àárín, a sì yí i ká ní ìwọ̀n 60, 45 àti 30 sẹ̀ǹtímítà. Láti ọ̀kan tó tóbi jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, kí ọ̀dà gbẹ kí ẹ tó fi àwọ̀ mìíràn sí inú rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù oní-dígí kò náni ní nǹkan púpọ̀. Bọ́ọ̀lù ọlọ́rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré ni a lò, pẹ̀lú sídì fíìmù àtijọ́ tí ó kún inú àpò lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́. Bí ẹ bá gé sídì bẹ́ẹ̀ lásán, yóò sán. Ẹ rì í sínú omi gbígbóná díẹ̀ kí ó rọ̀, kí ẹ tó fi sáàsì gé e ní igun mẹ́rin kéékèèké. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìlà kìn-ín-ní yí àárín bọ́ọ̀lù ká, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ sókè àti sísàlẹ̀. Ọmọ mi bi mí bí iná kan ṣoṣo ṣe ń di púpọ̀ lára rẹ̀. Mo ní dígí kékeré kọ̀ọ̀kan dojú kọ ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí apá ibi tí ó dojú kọ. Nítorí iná mọ̀nàmọ́ná tí ń lọ tí ń bọ̀, àtùpà tí a ń fi oòrùn gbáná sí ni a rà, a kò sì fi wáyà gba ara ògiri kọjá.

Káfíńtà ṣe pákó tẹ́ẹ́rẹ́ oní-kòtò sára ògiri, lórí èyí tí a to àwọn páálí àwo sí láìkan ìṣó mọ́ ọ̀kankan. Páálí nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwo fúnra wọn wà nínú bébà, a sì tò wọ́n ní ìnàró sínú àpótí tí ó jìnnà sí fèrèsé. Bí oòrùn bá ń pa àwo orin, yóò wọ́, bí a bá sì tò wọ́n lé ara wọn lórí, wọn yóò tẹ̀.

Oníṣẹ́ rédíò kan ní Ìwó tún ẹ̀rọ Udoji ṣe. Rọ́bà tí ń yí àwo ni ó ti já, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti kú. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì jẹ́ ₦17,500, gọ́ọ̀mù àti káàdì ₦4,000, pákó àti owó iṣẹ́ káfíńtà ₦6,500, àtùpà ₦5,000, àtúnṣe ẹ̀rọ ₦6,500. Ọmọ náà dá ₦500 padà fún mi.

Ṣùgbọ́n ògiri àwo kò kún. Àyè méjìlélọ́gọ́ta ni bàbá mi ní kí káfíńtà wọ̀n, páálí mẹ́tàlá ni a sì ní. Ọmọ mi bèèrè ohun tí a ó fi dí ìyókù. Bàbá mi ní kí ó gé káàdì ní ìwọ̀n páálí àwo, sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbùú lóròó, kí ó sì mú bírò. Láti ọjọ́ náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá mi ń wá ní ìrọ̀lẹ́. Yóò jókòó lórí ibùsùn ọmọ náà, yóò di ojú, yóò ní, "Èyí tó kàn, pupa ni páálí rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí ọkọ̀ níbẹ̀. Ìwó ni mo ti rà á, ọjọ́ tí òjò pa èmi àti ìyá bàbá rẹ." Ọmọ náà yóò yà á, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Èmi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ ìtàn ìyá mi tí n kò gbọ́ rí.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n (31) ni bàbá mi rántí. Méjìdínlógún (18) yòókù, kò rántí wọn mọ́. Àyè wọn ṣì ṣófo lára ògiri títí di òní, bàbá mi kò sì gbà kí a fi nǹkan mìíràn dí wọn.

Ní alẹ́ tí a parí rẹ̀, ọmọ mi fi "Ṣeun Rere" sórí ẹ̀rọ, orin tí ń gba ọmọ níyànjú láti hùwà rere. Bọ́ọ̀lù sídì ń yí, ìràwọ̀ ń rìn lára ògiri. Bàbá mi dìde, ó fi ọ̀pá ti ara ògiri, ó sì fi ẹsẹ̀ ijó 1977 han ọmọ náà, díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún. Àwọn òbí ọmọ tí mo ń bẹ̀rù kọjá lójú fèrèsé lóòótọ́. Méjì nínú wọn wọlé. Ọ̀kan ní òun náà ní bọ́ńgò rí.

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ni mo kọ́. Èkíní, bí ọmọ bá mú ohun tí ẹ kò mọ̀ wá, ẹ bi àgbà tó wà nítòsí yín kí ẹ tó kọ̀ ọ́, ó lè jẹ́ inú àpótí tiwọn ni ó ti jáde. Èkejì, kí ẹ tó ta ohun tó wà nínú ilé bàbá yín, ẹ bi ẹni tó rà á, kódà bí ọwọ́ bá há. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sára ohun tí ẹ fẹ́ràn, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ní ẹ ti bà á jẹ́. Mo ti ra bírò tuntun fún ọmọ mi fún iṣẹ́ náà.

Bàbá mi kò tíì sọ pé òun ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n wá yọ àpótí páànù náà lábẹ́ ibùsùn, kí n kó gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ lọ fún ọmọ náà. Ó fún mi ní ìwé kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti ka iye wọn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀.